Jíìmù tàbí ìrìn ẹsẹ̀: èwo ló máa mú ara jí pépé?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ẹni ọdún 47. Orí àga ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Láìpẹ́ yìí, tí mo bá gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tán, àfi kí n dúró kí n mí kanlẹ̀. Dókítà ti yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí àìsàn kankan, pé kí n ṣáà máa ṣe eré ìdárayá. Mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní mo fẹ́ lọ da owó sómi ni, pé kí n máa rìn káàkiri àdúgbò, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi kan náà ti san owó ọdún kan níbì kan rí, kò pẹ́ tí kò fi débẹ̀ mọ́. Ṣé jíìmù tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí, àbí ìrìn náà ti tó?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Inú mi dùn pé ẹ ti kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nítorí mímí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn lè jẹ́ àmì nǹkan mìíràn tó yàtọ̀ sí ara tí kì í ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn ti kúrò nílẹ̀, a lè sọ̀rọ̀ eré ìdárayá láìsí ìbẹ̀rù.

Ìdajì òótọ́ wà lẹ́nu ọkọ yín. Ìrìn tó fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò tó fún iṣan, kò sì tó fún egungun. Ohun tí jíìmù ní tó ṣòro láti rí níbòmíràn kò ju méjì lọ: irin tí ènìyàn lè máa fi díẹ̀díẹ̀ kún, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé, tí yóò dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń gbé e. Tí ó bá jẹ́ nǹkan méjì yìí lẹ fẹ́ lọ fi owó rà, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìsáré lẹ fẹ́ lọ máa rìn lórí rẹ̀, ojú títì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìrìn bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ yín lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìlànà wọn lórí eré ìdárayá kọ. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èémí yára díẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 tí ó bá jẹ́ èyí tó le gan-an. Ìrìn kíákíá wọ inú ìsọ̀rí àkọ́kọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn yín ti yá tó kò gba ẹ̀rọ kankan: ẹ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọrin. Tí ẹ bá ṣì lè kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbafẹ́ lẹ̀ ń ṣe, ẹ tẹsẹ̀ mọ́rìn. Kò sì pọn dandan kí ẹ rìn ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ọgbọ̀n náà ni ara ń kà á sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú London. Awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè. Inú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Morris kò dúró síbẹ̀. Ó padà lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń rán fún wọn, ó sì rí i pé àwọn awakọ̀ ti máa ń sanra ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e láti ìgbà náà wá ti fìdí kókó ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: ara tó ń rìn, tó ń gòkè, ọkàn rẹ̀ máa ń pẹ́.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́ ni dandan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Japan ni iye yẹn ti wá, láti ara ẹ̀rọ ìkàgbésẹ̀ kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1969. Ọjà ló bí i, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Nígbà tí I-Min Lee àti ikọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ka ìgbésẹ̀ àwọn àgbà obìnrin tó lé ní 16,000 ní tòótọ́, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní ọdún 2019, àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kì í tètè kú bí àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan. Fún ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ bíi tiyín, ìgbésẹ̀ ẹgbẹ̀rún méjì péré tí ẹ bá fi kún ti àtẹ̀yìnwá ló níye lórí jù.

Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ọkọ yín ti borí. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé. Ó ní, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú kí gbogbo iṣan ńláńlá ara le: itan, ìdí, ẹ̀yìn, àyà, èjìká, apá. Ìrìn kì í ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn dáadáa ló wá bá mi tí wọn kò lè dìde lórí àga kékeré láìfi ọwọ́ ti orúnkún.

Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù lára rẹ̀, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. A kì í mọ̀ ọ́n lára, nítorí ọ̀rá máa ń gba àyè iṣan tó lọ, aṣọ wa á sì ṣì máa wọ̀ wá bákan náà. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àtẹ̀gùn yín ti wá. Tí itan bá lágbára, ìgbésẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn kò gbà ju díẹ̀ nínú ohun tí itan ní lọ. Tí itan bá ti rọ, ìgbésẹ̀ kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára rẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á sì máa já. Ẹni tó bá ní ẹ̀dọ̀fóró òun ni kò dára lè jẹ́ pé itan rẹ̀ ló ń ké.

Ẹ dán ara yín wò nílé lónìí. Ẹ gbé àga onígi tí kò ní apá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri kó má baà yẹ̀. Ẹ jókòó sí àárín rẹ̀, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí ẹsẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ẹnì kan di aago mú. Ẹ dìde dúró ṣánṣán, ẹ jókòó, ẹ tún dìde, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ dìde. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ń lo ìdánwò yìí fún àwọn àgbà. Fún obìnrin ẹni ọdún 60 sí 64, tí kò bá pé 12, ó ti wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní 47 gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn láìlàágùn. Ẹ kọ iye yín sílẹ̀, ẹ máa rí ìlò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ egungun tún wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa nítorí ọjọ́ orí yín. Tí nǹkan oṣù bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti dúró, èròjà ara tó ń dáàbò bo egungun obìnrin máa ń lọ sílẹ̀, egungun á sì máa fẹ́lẹ́ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Australia, àwọn onímọ̀ kan kó àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró jọ, tí egungun wọn sì ti fẹ́lẹ́. Wọ́n pín wọn sí méjì. Apá kan ń gbé irin tó wúwo lábẹ́ ojú olùkọ́, ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ. Apá kejì ń ṣe eré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní ọdún 2018, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àwọn tó gbé irin ti fi nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ki sí i. Ti àwọn tó wà nílé ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti máa ń bẹ̀rù kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Irin náà gan-an ló ran egungun wọn lọ́wọ́, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ wọn, ó sì dúró tì wọ́n.

Kò sì sí pé ó ti pẹ́ jù. Ní ọdún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú arúgbó mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bí 90 ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn parí ẹ̀kọ́ náà, agbára ẹsẹ̀ wọn sì fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún! Mo máa ń rántí ìwádìí yẹn nígbàkúùgbà tí ẹni àádọ́ta ọdún bá sọ fún mi pé ìgbà ti kọjá lórí òun.

Ẹ lè wá bi mí pé, ṣé a kò lè ṣe èyí nílé? A lè ṣe é, títí dé ibì kan. Kí ẹ máa lóṣòó kí ẹ sì máa dìde, kí ẹ máa fi ọwọ́ ti ara kúrò lára ògiri, nígbà tó bá yá kí ó di orí tábìlì, lẹ́yìn náà kí ó di ilẹ̀, kí ẹ máa gbé àpò tó ní ẹrù nínú: gbogbo rẹ̀ ń kọ́ iṣan. Àwọn ìwádìí ti fi hàn pé ẹrù fúyẹ́ náà lè mú iṣan tóbi, tí ènìyàn bá ń gbé e títí agbára yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Nílé, kò sẹ́ni tó ń ṣe é títí agbára yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A ó lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà iye kan náà la ṣì ń ṣe, ara sì ti mọ̀ ọ́n, kò rí ìdí kankan láti le sí i mọ́. Ara kì í yí padà àfi tí a bá bi í ní ohun tó ju ti àná lọ. Ní jíìmù, ẹ kàn máa fi kìlógíráàmù méjì ààbọ̀ kún ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè tuntun ti dé nìyẹn. Itan àti ìdí ni èyí sì ṣe pàtàkì fún jù, nítorí wọ́n lágbára débi pé kò ní pẹ́ tí ẹrù inú ilé kò fi ní tó wọn mọ́.

Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sísanra ta jíìmù fún ẹnikẹ́ni. Eré ìdárayá nìkan kì í mú ènìyàn fọn púpọ̀; ẹnu ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ìwọ̀n nìkan lẹ ń wò, ẹ ó rò pé irin kò ṣiṣẹ́, ẹ ó sì pa á tì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀rẹ́ yín. Kò dá nìkan wà. Ní ọdún 2006, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù tó lé ní 70 dọ́là kò lọ ju ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ láàárín oṣù, tí a bá pín in dọ́gba. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lọ wá ń jẹ́ ohun tó lé ní 17 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ì bá máa san 10 dọ́là péré tí wọ́n bá ra ìwé ìwọlé tó wà fún iye ìgbà kan pàtó. Ẹni tí a rò pé a máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ la máa ń sanwó fún. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé owó ọdún kan dín sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì san ti oṣù kan. Tí ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá wà, ẹ san ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń fagi lé ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ibi tí kò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ yẹra fún un.

Ibi tí jíìmù náà wà ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ. Èyí tó wà lójú ọ̀nà láti ibi iṣẹ́ sílé ni kí ẹ mú, kódà bí ti ọ̀nà jíjìn bá dára jù ú lọ. Tí ẹ bá ti délé, tí ẹ bọ́ bàtà, ọjọ́ yẹn ti parí. Ẹ má sì retí pé kí ó mọ́ yín lára kíákíá. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tọpa àwọn ènìyàn tó ń kọ́ àṣà tuntun. Ọjọ́ 66 ló gbà kí nǹkan tó mọ́ ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn wọn lára, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18, ó sì lọ títí dé 254. Ẹni tó bá ṣì ń fi agbára ti ara rẹ̀ lọ jíìmù ní oṣù kẹta kò ya ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wò ó ní àkókò gan-an tí ẹ̀yin fẹ́ máa lọ. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò jọ agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó kí ẹ wo olùkọ́ ibẹ̀ bó ṣe ń kọ́ ẹni tuntun láti gbé irin nílẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wo irin, ẹ̀yìn ènìyàn ló ń wò. Yóò fún un ní ọ̀pá lásán tàbí irin tó fúyẹ́. Yóò ní kí ó dúró kí irin súnmọ́ ojúgun rẹ̀, kí ó ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí àyà là, kí ẹ̀yìn tọ́. Yóò ní kí ó fa èémí sínú, kí ikùn le, kí ó tó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ dìde. Tí ẹ̀yìn bá tẹ̀ bí ọrun, yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì dín ẹrù náà kù. Tí ẹ bá rí olùkọ́ tó ń tẹ fóònù nígbà tí ẹ̀yìn ẹlòmíràn ń tẹ̀, ẹ máa lọ.

Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn obìnrin púpọ̀ láti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé irin ńlá. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni kò ní wò yín. Ẹ bèèrè bí wọ́n bá ní wákàtí àwọn obìnrin, tàbí kí ẹ mú ẹnì kan dání fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé àwọn tó ń gbé irin tó wúwo jù níbẹ̀ ló máa ń tètè yọ̀ǹda àyè, tí wọ́n sì máa ń fi bí a ṣe ń ṣe é han ẹni tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣe díẹ̀. Nǹkan márùn-ún tó: ohun kan tí ẹ fi ẹsẹ̀ tì, ohun kan tí ẹ gbé nílẹ̀, ohun kan tí ẹ fi ọwọ́ tì, ohun kan tí ẹ fi ọwọ́ fà, àti kí ẹ gbé ẹrù lọ́wọ́ méjèèjì kí ẹ rìn. Ẹrù tó yẹ yín ni èyí tí ẹ gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: ọjọ́, irin, iye ìgbà. Ìwé yẹn ló máa sọ fún yín bóyá owó yín ń ṣiṣẹ́. Ara máa ro yín lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta; ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n tí àyà bá dùn yín, tí òòyì bá kọ́ yín, tàbí tí ìtọ̀ yín bá dúdú bí omi tíì lẹ́yìn eré tó le jù, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè túmọ̀ sí pé iṣan ti fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun tí èmi máa ní kí ẹ ṣe nìyí. Láti ọ̀la, ẹ̀yin àti ọkọ yín ẹ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Òun ló dá a lábàá, kó bá yín rìn ín. Ẹ sì san owó oṣù kan ní jíìmù tó wà lójú ọ̀nà yín, kí ẹ máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40, irin nìkan, ẹ má bá wọn gun ẹ̀rọ ìsáré. Tí oṣù bá pé, ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn. Tí ẹ bá lọ tó ìgbà mẹ́fà, ẹ san ti oṣù kejì. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má san án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti inú ilé tí mo kọ sókè yìí, kí ẹ sì máa fi kún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún gbé àga yẹn ti ògiri kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ dìde. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ fi iye ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa sọ ohun tó kàn fún yín.